Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Títukọ̀ Láàárín Àwọn Erékùṣù Kàríbíánì, Láti Saint Lucia Dé Grenada

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí léraléra nípa ìrìn àjò orí ọkọ̀ ìgbòkun ní gúúsù Kàríbíánì ni mo kó jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó lọ́jú pọ̀ ló kẹ́yìn.

Kàríbíánì tóbi, apá wo gan-an ni ẹ ń sọ?

Ìlà àwọn erékùṣù tó bẹ̀rẹ̀ láti Saint Lucia ni mo ń sọ, èyí tó gba Saint Vincent kọjá, tó sì la àárín àwọn erékùṣù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Grenadines títí dé Grenada. Láti Rodney Bay ní àríwá Saint Lucia dé St. George's tí í ṣe olú ìlú Grenada, ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí máìlì ojú òkun 130, máìlì ojú òkun kan sì jẹ́ kìlómítà 1.85. Ọ̀sẹ̀ kan lè tó fún ẹni tó ń kánjú, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá ló bá ara mu.

Orílẹ̀-èdè olómìnira mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà yìí: Saint Lucia, Saint Vincent àti Grenadines, àti Grenada. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ní Saint Lucia, Kwéyòl ni ẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà àti àwọn apẹja. Ẹ má ṣe bá ọmọ Bequia, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Grenadines, sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ Jàmáíkà ni. Jàmáíkà jìnnà sí wọn ju bí Abidjan ṣe jìnnà sí Èkó lọ.

Ṣé dandan ni kí n mọ ọkọ̀ tù kí n tó lè lọ?

Kì í ṣe dandan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tù lè háyà ọkọ̀ lásán kí ó sì jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tó ti tukọ̀ dé, irú ọkọ̀ tó tù àti ipò tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè háyà ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá atukọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ lè gba ọkọ̀ tó ní atukọ̀ àti alásè, kí ó kàn máa jẹun kí ó sì máa lúwẹ̀ẹ́.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni pé ọ̀gá atukọ̀ yóò sùn nínú ọkọ̀, yóò sì jẹun níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ní yàrá mẹ́rin, yàrá mẹ́ta ni tiyín. Mo ti rí ìdílé kan tí wọ́n sanwó fún yàrá mẹ́rin fún tọkọtaya mẹ́rin, tí tọkọtaya kan sì ti sùn lórí àga inú pálọ̀ ọkọ̀ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀nà kẹrin tún wà tí kò náni lówó púpọ̀, ìyẹn ọkọ̀ èrò. Láti Kingstown ní Saint Vincent sí Bequia, nǹkan bí wákàtí kan ni. Ọkọ̀ èrò tún ń lọ láàárín Grenada àti Carriacou, erékùṣù kékeré kan ní àríwá rẹ̀. Ìgbìn kì í yára, ó sì ń dé ibi tó ń lọ.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Karùn-ún ni ìgbà ẹ̀rùn níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi nígbà yẹn, agbára rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín nọ́ọ̀tì 15 sí 25 (nọ́ọ̀tì kan jẹ́ máìlì ojú òkun kan ní wákàtí kan). Ní àyíká Kérésìmesì títí wọ inú oṣù Kejì, ó lè le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ léra wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ fún un, afẹ́fẹ́ Kérésìmesì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò bá tíì gun orí òkun rí kò gbọdọ̀ fi oṣù Kìíní kọ́ ọ.

Àkókò ìjì líle bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ó sì parí ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kọkànlá. Oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ni ìjì máa ń pọ̀ jù. Owó ọkọ̀ máa ń wálẹ̀ nígbà náà, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Ní tèmi, ìparí oṣù Kẹrin sí àárín oṣù Karùn-ún ni mo máa ń yàn: afẹ́fẹ́ ti rọ̀, èrò ti dínkù, òjò kò sì tíì dé.

Ìhà wo ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Àríwá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sí gúúsù. Afẹ́fẹ́ ń ti ìlà oòrùn tàbí àríwá ìlà oòrùn wá, nítorí náà ẹgbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ni yóò ti máa ti ọkọ̀ yín. Ẹni tó ti Grenada bọ̀ wá sókè yóò máa dojú kọ ọ́, ìgbì yóò sì máa lu imú ọkọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń gba owó lé e bí ẹ bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ibi tó yàtọ̀ sí ibi tí ẹ ti gbé e. Ẹ san án bí ẹ bá lè san án.

Pápákọ̀ òfurufú ńlá Saint Lucia, Hewanorra, wà ní ìsàlẹ̀ gúúsù erékùṣù náà, nígbà tí Rodney Bay tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà sì wà ní òkè àríwá. Nítorí náà, ẹ fi ìrìn orí ilẹ̀ tó lé ní wákàtí kan, lójú ọ̀nà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, sínú ìṣirò yín. Ti Saint Vincent, tó wà ní Argyle, ṣí ní ọdún 2017, ó sì ti mú kí ó rọrùn láti dé àárín ìlà náà tààrà.

Ṣé físà kan ṣoṣo tó fún gbogbo erékùṣù?

Kò tó. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò sì rí bákan náà lójú wọn. Kí ẹ wádìí lọ́dọ̀ aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó san owó ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti san án. Pé ẹ ń bá ọkọ̀ ojú omi wọlé kò yí nǹkan kan padà: ẹni tó nílò físà ní pápákọ̀ òfurufú nílò rẹ̀ ní èbúté pẹ̀lú.

Martinique, tó wà ní òkè Saint Lucia, ni ó máa ń tan àwọn ará wa jẹ jù. Ilẹ̀ Faransé ni lóòótọ́, owó Yúróòpù ni wọ́n sì ń ná, ṣùgbọ́n kò sí nínú agbègbè Schengen. Físà Schengen tí ẹ ní lọ́wọ́ lè má wúlò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé ó wúlò fún àwọn ilẹ̀ Faransé ti òkè òkun. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí físà náà gan-an.

Báwo ni a ṣe ń gba ìwé ìwọlé àti ìjáde láti inú ọkọ̀?

Bí ẹ bá dé omi orílẹ̀-èdè tuntun, èbúté tí ìjọba yàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ óò ta àsíá aláwọ̀ ìyeyè sí apá ọ̀tún òpó ọkọ̀, èyí tó ń sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ kò sì tíì gba àṣẹ. Ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ni yóò sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà gbogbo èrò, ìwé ọkọ̀, àti ìwé ìjáde láti orílẹ̀-èdè tí ẹ ti ń bọ̀. Àwọn yòókù yóò dúró nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn tí aṣọ́bodè bá ti lu òǹtẹ̀, ẹ óò sọ àsíá ìyeyè kalẹ̀, ẹ óò sì ta àsíá orílẹ̀-èdè náà dípò rẹ̀. Ẹ lè kọ ọ̀pọ̀ nínú ìwé náà sílẹ̀ ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ SailClear, ṣùgbọ́n ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara yín dé ọ́fíìsì.

Ìwé ìjáde yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Ní ìrìn àjò mi àkọ́kọ́, a sùn ní Union Island, èyí tí í ṣe ti Saint Vincent, a sì jí lọ sí Carriacou, èyí tí í ṣe ti Grenada. Máìlì díẹ̀ ló wà láàárín wọn, a sì ń wo èkíní láti orí èkejì. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì yẹ ìwé wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n jọ, ó sì béèrè ìwé ìjáde wa. A ò gbà á. Kò pariwo, kò sì bínú. Ó kàn fi bírò rẹ̀ tọ́ka sí ojú fèrèsé, síhà òkè Union Island, ó sì dá ìwé wa padà. Ìdajì ọjọ́ ni a fi tukọ̀ padà lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti wà níwájú wa nísinsìnyí. Ẹ̀bi tiwa ni.

Lópin ọ̀sẹ̀ àti lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n máa ń gba owó àfikún. Bí ẹ bá lè ṣètò rẹ̀ kí ẹ dé ibodè láàárín ọ̀sẹ̀ ní òwúrọ̀, ó sàn.

Owó wo ni a ń ná?

Dọ́là Ìlà Oòrùn Kàríbíánì ni wọ́n ń ná ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti so ó mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà ní 2.70 sí ẹyọ kan, kò sì tíì yí padà. Wọ́n ń gba dọ́là Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá pe iye owó, ẹ bi í léèrè èwo nínú dọ́là méjèèjì ni. Ìbéèrè kékeré yìí ti gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ìjà.

Ẹ gba owó tó pọ̀ díẹ̀ dání ní Rodney Bay, Kingstown tàbí Bequia. Àwọn erékùṣù kéékèèké Tobago Cays kò ní ilé kankan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ báńkì, àwọn tó ń ta edé ńlá sísun létí òkun níbẹ̀ kì í sì í gba káàdì.

Ṣé òkun kò ní kọ̀ mí?

Ó ṣeé ṣe. Láàárín Grenadines, àwọn ibi tí ẹ ń lọ sún mọ́ ara wọn, ìgbì kò sì ga púpọ̀. Àwọn ọ̀nà omi ńlá tó wà láàárín erékùṣù gíga méjì ló ń dá ènìyàn lágara, pàápàá èyí tó wà láàárín Saint Lucia àti Saint Vincent. Òkun Àtìláńtíìkì ni ó ń tú wọlé níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń le sí i bí ó ti ń fún ara rẹ̀ gba àárín àwọn òkè méjì kọjá. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá dé ẹ̀yìn òkè erékùṣù, afẹ́fẹ́ lè ṣàdédé kú pátápátá, ẹ óò sì tan ẹ́ńjìnnì.

Ẹ lo oògùn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ má dúró dìgbà tí òòyì bá ti gbé yín. Ẹ jókòó síta, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi, ẹ jẹ búrẹ́dì gbígbẹ tàbí ata ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ sá fún, nítorí pé òórùn epo àti ilẹ̀ tó ń mì jẹ́ ọ̀rẹ́ èébì. Ẹni tí a bá fún ní ìtọ́kọ̀ dì mú kì í sábà bì. Iṣẹ́ ń gba ọkàn rẹ̀.

Báwo ni oúnjẹ àti omi ṣe ń rí lórí ọkọ̀?

Omi tútù tó wà nínú táǹkì lópin. Ìwẹ̀ tí a ń wẹ̀ nílé kò ṣeé wẹ̀ níbẹ̀: ẹ bọ́ sínú òkun, ẹ fi ọṣẹ para, ẹ tún bọ́ sínú òkun, kí ẹ wá fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára. Carriacou kò ní odò kankan. Omi òjò tí wọ́n ń gbè sínú kàǹga abẹ́ ilé ni wọ́n gbójú lé. Nítorí náà, kí ẹ má fi omi àwọn onílé ṣòfò bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ilé kò jìnnà tó bí ẹ ti rò. Iṣu wà lọ́jà, ẹ̀gẹ́ wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà, ilá wà, ẹ̀fọ́ kókò ni wọ́n sì ń sè tí wọ́n ń pè ní callaloo. Grenada ń ta ata ilẹ̀ àti kànáfùrù, bẹ́ẹ̀ ni èso nutmeg tó wà lórí àsíá wọn pàápàá. Àkàrà tún wà, orúkọ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà: accra ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹja gbígbẹ oníyọ̀ ni wọ́n fi ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà, kì í ṣe ẹ̀wà. Mo ra tèmi lọ́wọ́ ìyá kan ní Soufrière, ìlú kan ní Saint Lucia, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dì í sínú bébà, epo ti gba ara bébà náà. Nígbà tí mo sọ fún un pé àwa náà ń pè é ní àkàrà, ó wo ojú mi dáadáa, ó fi méjì kún un, ó sì ní kí n wá sọ bí a ṣe ń fi ẹ̀wà ṣe é.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń sáré wá pàdé ọkọ̀ ńkọ́?

Bí ẹ ti ń sún mọ́ èbúté ní Saint Lucia tàbí Saint Vincent, ọkọ̀ kékeré kan tàbí méjì yóò sáré wá bá yín. Wọ́n á fẹ́ bá yín so okùn, wọ́n á fẹ́ ta èso, ẹja, yìnyín tàbí búrẹ́dì, wọ́n á sì fẹ́ fi yín mọ ibi tí ẹ ó ti jẹun. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ẹ kí wọn kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ní gbogbo erékùṣù wọ̀nyí, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ sọ pé ẹ káàárọ̀ ni wọ́n ń kà sí aláìlẹ́kọ̀ọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ Yorùbá níyẹn.

Ẹ bá wọn dúnàádúrà kí wọ́n tó di okùn mú. Bí ẹ kò bá nílò ìrànlọ́wọ́, ẹ dúpẹ́, ẹ sọ ọ́ ketekete, ẹ má sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ má san gbogbo owó ọjà tí ẹ kò tíì rí. Ní alẹ́, ẹ fa ọkọ̀ kékeré tí ẹ fi ń lọ sórí ilẹ̀ sókè kúrò lórí omi, kí ẹ sì fi àgádágodo tì í. Olè ọkọ̀ kékeré àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ìgbòkun bá ti ń gúnlẹ̀.

Kí ló wà ní Tobago Cays tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Erékùṣù kéékèèké márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò gbé ni: Petit Rameau, Petit Bateau, Baradal, Jamesby àti Petit Tabac. Àpáta iyùn kan tó tẹ̀ bí pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin ló dúró láàárín mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú wọn àti Àtìláńtíìkì. Ẹ óò so ọkọ̀ yín mọ́ ibẹ̀, iwájú yín yóò sì jẹ́ omi gbalaja títí dé Áfíríkà, láìsí ilẹ̀ kankan láàárín, síbẹ̀ omi abẹ́ yín yóò pa rọ́rọ́ nítorí pé iyùn ti fọ́ ìgbì náà. Afẹ́fẹ́ nìkan ni iyùn kò lè dá dúró.

Ní àyíká Baradal, àwọn ìjàpá òkun ń jẹ koríko ìsàlẹ̀ omi. Ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn wọ́n, tí ẹ kò sì lé wọn. Ọgbà ìpamọ́ ni gbogbo ibẹ̀, owó ìwọlé wà, ẹja pípa sì jẹ́ èèwọ̀ fún àlejò. Ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé lọ́sàn-án, ẹ óò bá ogójì ọkọ̀ níbẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni tiyín.

Kí ló dé tí àwọn atukọ̀ fi ń sọ pé ká gúnlẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù?

Nítorí pé ojú ni a fi ń mọ ibi tí àpáta iyùn wà. Nígbà tí oòrùn bá wà lókè tàbí lẹ́yìn yín, omi yóò sọ ìtàn ara rẹ̀: aró dúdú jẹ́ omi jíjìn, àwọ̀ ewé fífẹ́lẹ́ jẹ́ iyanrìn tí omi rẹ̀ kò jìn, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú pàtápátá jẹ́ iyùn tàbí koríko. Bí oòrùn bá ti ń lọ sí ìwọ̀ tó sì wà níwájú yín, gbogbo rẹ̀ yóò di dígí kan ṣoṣo. Máàpù orí fóònù dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò san owó ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Òkùnkùn sì ń ṣú kíákíá, láàárín aago mẹ́fà sí méje.

Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ títù ní Nàìjíríà tàbí Yúróòpù ní ohun mìíràn láti ṣọ́. Àwọn àmì tó léfòó ní ẹnu èbúté yí padà níbẹ̀: nígbà tí ẹ bá ń wọlé láti òkun, àmì pupa ni yóò wà ní ọ̀tún yín, aláwọ̀ ewé ní òsì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gbàgbé, orí iyùn ni yóò ti rántí.

Ṣé ká ju ìdákọ̀ró ni tàbí ká so ọkọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù?

Ó wà lọ́wọ́ ibi tí ẹ bá wà. Lábẹ́ àwọn òkè Piton ní Saint Lucia, ẹ kò gbọdọ̀ ju ìdákọ̀ró rárá, nítorí pé ọgbà ìpamọ́ ni omi náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì já lójijì. Bọ́ọ̀lù tó léfòó, tí okùn dè mọ́ ìsàlẹ̀ omi, ni ẹ ó so ọkọ̀ mọ́. Àwọn òkè náà wà lára ogún àgbáyé UNESCO láti ọdún 2004. Ní Admiralty Bay ní Bequia, ìdákọ̀ró tó bá rí iyanrìn yóò mú dáadáa.

Bí ẹ bá ju ìdákọ̀ró sínú omi mítà 5, ẹ tú ṣéènì mítà 25 ó kéré tán, kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì fà á sẹ́yìn, kí ẹnìkan sì wọ inú omi lọ fi ojú rẹ̀ wò ó bóyá ó ti rì sínú iyanrìn. Ẹ má gbójú lé bọ́ọ̀lù tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ wẹ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ wo okùn rẹ̀. Mo ti rí èyí tí okùn rẹ̀ ti jẹ tán tó ku fọ́nrán bíi mélòó kan, tí ẹni tó ń gba owó rẹ̀ sì dúró lórí omi tó ń rẹ́rìn-ín.

Kí ni kò yẹ kí n mú lọ tàbí fọwọ́ kàn?

Ẹ má mú aṣọ tó jọ ti ológun lọ, ì báà ṣe ṣòkòtò ọmọdé tàbí fìlà. Ó lòdì sí òfin ní Saint Lucia, ní Saint Vincent, ní Grenada, àti ní Barbados tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Létí òkun, igi kan wà tí wọ́n ń pè ní manchineel, èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré aláwọ̀ ewé. Májèlé ni gbogbo ara rẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má fi igi rẹ̀ dáná, ẹ má sì sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò, nítorí pé omi tó bá kán láti ara ewé rẹ̀ ń bó awọ ara. Ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kun ìdí rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ìṣẹ̀ṣe Yorùbá ṣì wà ní àwọn erékùṣù yìí?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo ibi. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí oko ẹrú ní Kàríbíánì, ọkọ̀ ogun wọn ṣì ń gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó díẹ̀ lára wọn lọ sí àwọn erékùṣù náà láti ṣiṣẹ́. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó dé Grenada, Saint Lucia àti Trinidad ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìdí nìyí tí orúkọ Ṣàngó fi wà ní Grenada títí di òní. Ní agbègbè Babonneau ní Saint Lucia, àwọn ìdílé kan ń ṣe ètùtù tí wọ́n ń pè ní Kélé, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹdùn àrá bọ, tí wọ́n sì ń pe Ṣàngó, Ògún àti Èṣù.

Kélé kì í ṣe eré àwòyanu fún àlejò. Ẹ má lọ máa béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kí ẹ lè yàwòrán. Ti Carriacou ló ṣí sílẹ̀ jù, ìyẹn ijó Big Drum, níbi tí wọ́n ti ń lu ìlù fún ẹ̀yà àwọn baba ńlá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò gbọ́ orúkọ Igbo, Kongo, Manding àti Kromanti. Èmi kò gbọ́ orúkọ Yorùbá nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn tiwa pẹ́ kí wọ́n tó dé. Èsúsú wa náà wà níbẹ̀, susu ni wọ́n ń pè é, àwọn obìnrin ọjà sì ń dá a.

Ṣé òkè ayọnáyèéfín kò léwu?

Méjì ló kan atukọ̀. La Soufrière ní àríwá Saint Vincent bú gbàù ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin ọdún 2021, eérú rẹ̀ sì dé Barbados. Wọ́n ti kó àwọn ará àríwá kúrò ṣáájú kí ó tó bú.

Èkejì wà lábẹ́ omi, nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ sí àríwá Grenada, lójú ọ̀nà tí ẹ ó gbà láti Carriacou. Kick 'em Jenny ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1939 ni wọ́n sì kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ewu rẹ̀ kì í ṣe iná nìkan. Afẹ́fẹ́ gáàsì tó ń hó jáde láti inú rẹ̀ lè sọ omi di fúyẹ́ débi pé kò ní lè gbé ọkọ̀ dúró mọ́. Nítorí náà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn ju kìlómítà 1.5 lọ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìkìlọ̀ sókè dé àwọ̀ ọsàn, ó di kìlómítà 5. Ẹ wo ipò ìkìlọ̀ ọjọ́ náà kí ẹ tó ṣí kúrò ní Carriacou.

Lẹ́yìn ìjì Beryl, ṣé ó yẹ ká ṣì lọ sí Carriacou àti Union Island?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024 ni Beryl balẹ̀ sí Carriacou pẹ̀lú agbára ìpele kẹrin. Ó wó ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ilé Carriacou, Petite Martinique àti Union Island. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n sá wọ inú igbó ẹ̀gbà létí omi ní Tyrrel Bay, ibi tí gbogbo ènìyàn gbà pé kò sí ìjì tó lè dé, ni ó kó jọ sórí ara wọn. Ó tún jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ àkókò ìjì kò léwu, àti fún àwọn tó gbà pé Grenada ti lọ sí gúúsù jù fún ìjì. Janet ti dé ibẹ̀ ní 1955, Ivan sì dé ní oṣù Kẹsàn-án 2004.

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ lọ, nítorí pé owó àlejò wà lára ohun tí wọ́n fi ń tún ilé kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ lọ bí ẹni tó ń lọ kí ẹni tí àjálù bá. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ yín dání, kí ẹ sì ra ohun tí wọ́n bá ní láti tà. Ẹ má ya àwòrán òrùlé tó ṣí láìtọrọ àyè. Bí ẹ bá lọ sí abúlé Windward ní Carriacou, ẹ óò rí àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe ọkọ̀ igi létí òkun, iṣẹ́ ìran tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2023.

Bí ọkọ̀ bá fara pa, ta ni yóò san án?

Kí ẹ tó gba ọkọ̀, ilé iṣẹ́ yóò ti gba owó ìdúró lọ́wọ́ yín tàbí kí wọ́n ti í mọ́ inú káàdì yín. Iye tí ìbàjẹ́ bá jẹ títí dé iye owó yẹn, tiyín ni. Èyí tó bá kọjá rẹ̀ ni ìníṣọ́ọ̀ránsì wọn ń gbé. Ẹ béèrè ohun tí ìníṣọ́ọ̀ránsì náà kò gbé: lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n bá jí, ìdákọ̀ró tó sọnù, àti ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ tukọ̀ lóru tàbí kọjá ààlà tí àdéhùn là sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá mú ọ̀gá atukọ̀ tiyín wá láti ìta, ẹ bi wọ́n léèrè lórí ìwé ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ yóò já lé.

Ní òwúrọ̀ tí ẹ bá gba ọkọ̀, ẹ ya fídíò gbogbo ara rẹ̀, pàápàá imú, ẹ̀yìn, abẹ́ ọkọ̀ kékeré àti gbogbo ibi tí ọ̀dà bá ti ha, kí ẹ sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn fọwọ́ sí ìwé ibi tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan sọ fún wa nígbà kan pé àwa la fọ́ etí pátákó àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì fẹ́ yọ owó ńlá. A ṣí fídíò ọjọ́ kìíní fún wọn: ibi fífọ́ náà hàn gbangba, ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ tiwọn sì dúró lé e lórí pẹ̀lú bàtà aláwọ̀ aró. Owó wa padà sínú káàdì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.